Ọkàn tí ó Rẹ̀wẹ̀sì

Ẹ̀yin ará Agbálátà, bí oníṣòwò kan bá pa àtẹ rẹ̀ tì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oúnjẹ kò wù ú, tí oorun sì dá lójú rẹ̀, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Bóyá àìsàn ni. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta: àwọn tí ọpọlọ wọn kò dá ń wọ̀ sí ilé ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ oko. Oògùn nìkan kò tó. Ènìyàn ni aṣọ ènìyàn. Ẹ mú un tọ dókítà lọ, kí ẹ sì máa bá a jókòó. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.