Package Kan, Framework Púpọ̀

Ẹni tó ń fi .NET ti Microsoft kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í dá gbogbo kóòdù rẹ̀ kọ. Ó máa ń mú library tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, NuGet ni yóò sì bá a gbé e wá. Package tí NuGet ń gbé yìí, fáìlì zip ni, àfi pé .nupkg ló gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀. Inú fólídà lib ni DLL wà, inú fáìlì .nuspec ni a kọ àwọn package mìíràn tí library náà gbára lé sí.

Ohun tí library nílò lórí framework kan, ìyẹn ẹ̀dà .NET tí ètò ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, lè má jẹ́ ohun tó nílò lórí òmíràn. Ẹ wo System.Text.Json, library tó wà fún JSON. Láti .NET Core 3.0 tó jáde ní 2019 ló ti wà nínú framework fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n .NET Framework 4.7.2 kò ní in, ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ gbà á lọ́tọ̀. Nítorí irú èyí ni NuGet fi gbà, láti ẹ̀dà 2.0, kí a pín dependency, ìyẹn àwọn package tí library gbára lé, sí group, kí group kọ̀ọ̀kan ní targetFramework tirẹ̀. Group lè ṣófo pátápátá. Ohun tó ń sọ ni pé library kò nílò package kankan níbẹ̀.

NuGet kì í da group pọ̀ o. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń mú, èyí tó sún mọ́ framework project jù lọ nínú àwọn tó bá a mu. Ọ̀tọ̀ ló sì ti ń yan DLL, ọ̀tọ̀ ló ti ń yan group. Ibí yìí gan-an ni ewu wà. Ká ní lib/netstandard2.0 nìkan ló wà nínú package, ṣùgbọ́n .nuspec ní group méjì: netstandard2.0 tó béèrè System.Text.Json, àti net472 (.NET Framework 4.7.2) tó ṣófo. Project orí net48 (.NET Framework 4.8) yóò mú DLL ti netstandard2.0, yóò sì mú group net472 tó ṣófo, nítorí náà System.Text.Json kò ní bá a wá. Build lè kẹ́sẹ járí; ìgbà tí oníbàárà bá ń lo ètò náà lọ́wọ́ ni FileNotFoundException á yọjú. Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ìyà yẹn ń jẹ, ìdí nìyẹn tí n kò fi fojú kéré ìkìlọ̀ NU5128, tó ń sọ fún ẹni tó ń di package pé lib àti group kò bára mu.

Ó sàn kí a má fọwọ́ kọ .nuspec rárá. Nínú fáìlì csproj ti project yín, ẹ kọ netstandard2.0;net8.0 sí TargetFrameworks, kí ẹ wá fi PackageReference ti System.Text.Json sínú ItemGroup tó ní Condition="'$(TargetFramework)' == 'netstandard2.0'". dotnet pack yóò ṣe fólídà àti group tó bára mu fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ tú .nupkg náà bí zip, kí ẹ ka .nuspec inú rẹ̀.