Ọ̀kẹ́ 173 àti 877: Kí Ló Wà Nínú Nọ́ńbà Ìpínlẹ̀ Oǹdó?

Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 3,460,877 ni wọ́n kà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọn kò tíì ka ènìyàn ní Nàìjíríà látìgbà náà, nítorí náà nọ́ńbà yìí ṣì ń jáde nínú project àwọn akẹ́kọ̀ọ́, láti FUTA ní Àkúrẹ́ títí dé Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó. A máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì kọjá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká tú u wò: ṣé prime ni, àbí ó ṣeé pín?

Ó parí sí 7, nítorí náà 2 àti 5 kò lè pín in láìṣẹ́kù. Bí a bá ro àwọn dígíìtì rẹ̀ pọ̀, 35 ni. 3 náà ti jáde. Ọ̀rọ̀ wá kan 7, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń wá calculator. Ẹ má tíì wá a. Ẹ jẹ́ ká kà á bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka owó ẹyọ.

Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Ọ̀kẹ́ 173 ló wà nínú nọ́ńbà wa, ó sì ku 877. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: 173 + 877 = 1,050, ìyẹn 7 × 150. Ó parí, 7 pín in.

Kí ló fà á? Bí ẹ bá pín ọ̀kẹ́ kan fún ènìyàn méje, kálukú á gba 2,857, ẹyọ kan á sì ṣẹ́ kù. Nínú ọ̀kẹ́ 173, ẹyọ 173 ló máa ṣẹ́ kù. Ẹ fi kún 877 tó wà nílẹ̀. Bí àpapọ̀ wọn bá ṣeé pín fún méje, gbogbo rẹ̀ ṣeé pín nìyẹn. Kò sí nọ́ńbà tí èyí kò bá ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń sọ pé òǹkà Yorùbá ń fa ìṣirò sẹ́yìn kò tíì dé ibí yìí. (Ó yà mí lẹ́nu pé 173 jẹ́ prime, 877 náà jẹ́ prime, síbẹ̀ odindi wọn kì í ṣe prime.)

Ìyókù gba sùúrù. 494,411 ló kù lẹ́yìn 7. 17 pín ìyẹn sí 29,083, lẹ́yìn náà kò sí èyí tó wọlé títí a fi dé 127:

3,460,877 = 7 × 17 × 127 × 229

Prime mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí èyí tó wá lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà squarefree ni. Nọ́ńbà 16 ló lè pín in láìṣẹ́kù. Bí a bá yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò, àpapọ̀ àwọn 15 tó kù jẹ́ 778,483. Èyí kéré sí i gan-an, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní deficient. 7 àti 127 jẹ́ prime ti Mersenne, nítorí 8 − 1 àti 128 − 1 ni wọ́n. 17 jẹ́ ti Fermat, 16 + 1.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí woṣẹ́ o. Ká ní wọ́n ka ọmọ kan sí i, 3,460,878 ni ì bá jẹ́: 2 á pín in, 9 á pín in, prime mẹ́rin wa á sì ti lọ. Ọ̀nà ọ̀kẹ́ kò ní lọ ní tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ gbé e lọ sí kíláàsì, kí ẹ sì wo irinwó náà: 399 jẹ́ 3 × 7 × 19, nítorí náà bí a bá ka nọ́ńbà ní irinwó-irinwó, ìròpọ̀ kan náà á dán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lẹ́ẹ̀kan.