Ọdún Àjíǹde Tí Kì Í Dúró Lójú Kan

Kérésìmesì kì í yẹ̀ kúrò ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún Gbogbo Ẹni Mímọ́ kì í kúrò ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n ọdún Àjíǹde, tí í ṣe olórí ọdún gbogbo láàárín àwọn Àgùdà, kò ní ojú kan pàtó: ó lè bọ́ sí ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ó sì lè fà títí di ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Ìṣirò méjì ni Ìjọ Kátólíìkì fi ń ka ọjọ́, ọ̀kan ń tọ oòrùn, èkejì ń tọ òṣùpá.

Ìgbà àjọ Ìrékọjá ni a kan Jésù mọ́ àgbélébùú, òṣùpá ni àwọn Júù sì fi ń mọ ìgbà àjọ náà. Nítorí náà, nígbà tí Ọba Constantine pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Nicaea ní ọdún 325, tí wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí gbogbo ìjọ máa ṣe Àjíǹde ní ọjọ́ kan náà, ìlànà tí ó fìdí múlẹ̀ nígbẹ̀yìn ni pé kí a ṣe é ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá kọ́kọ́ tẹ̀ lé òṣùpá àrànmọ́jú ti ọjọ́ 21 oṣù Kẹta tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí Ìjọ kà sí ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru dọ́gba. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn àlùfáà a máa gbójú sókè wá òṣùpá yìí bí àwọn Mùsùlùmí ti í wá ti Ràmàdáánì o. Inú ìwé ìṣirò ni tiwọn ti ń yọ.

Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 46 ṣáájú Àjíǹde ni Ọjọ́rú Eléérú, tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì ka Àjíǹde mọ́ ọn, ọjọ́ ogójì ni Ìgòkè-re-Ọ̀run, àádọ́ta ni Pẹ́ńtíkọ́sì.

Ṣùgbọ́n oòrùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìṣirò rú. Ọdún tí Julius Caesar ṣètò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 gùn ju ti oòrùn lọ, ta ni yóò sì ka ìṣẹ́jú 11 sí? Ìrókò tí a kò gé ní kékeré, bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni í máa ń gbà: nígbà tí yóò fi di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ọ̀sán àti òru ti ń dọ́gba ní nǹkan bí ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ìwé sì ń pe 21 síbẹ̀. Póòpù Gregory Kẹtàlá ni ó gé e. Ní 1582, àwọn ará Róòmù, Sípéènì àti Pọtogí sùn ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, wọ́n sì jí ní Ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 15. Òru yẹn gan-an ni Tẹ̀rísà Mímọ́ ti Ávila fi ayé sílẹ̀ ní Sípéènì. Ọjọ́ 15 ni a sì ń ṣe ìrántí rẹ̀ títí di òní.

Púpọ̀ nínú àwọn Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kò gba àtúnṣe yìí fún Àjíǹde wọn. Ní 2025, tí ìpàdé Nicaea pé 1700 ọdún, ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ni ọdún náà bọ́ sí lọ́dọ̀ ìhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní ti 2026, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ni ti àwọn Àgùdà, ọjọ́ 12 ni ti àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì.