Àtíbàbà Ọparun: Kí Ló Ń Wó O, Báwo Ló Ṣe Lè Pẹ́?



Ọ̀rọ̀ àtíbàbà ìpàdé ní ọjà oko ló wà nílẹ̀. Àwọn kan ní kí a má dá owó sí ti ọparun mọ́, pé kò ju ọdún méjì lọ tó fi ń wó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó pákó àti páànù kò ṣe é dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ni òjò ń pa ata wa, oòrùn ń pa àwa náà. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń wó o. Ọparun ò lẹ o. Àwọn bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kìn ró. Kòkòrò àti omi ló ń pa á.

Kòkòrò kọ́kọ́. Adùn wà nínú ọparun, òun ni kòkòrò ń wá. Tí ẹ bá ti rí ìyẹ̀fun lábẹ́ òpó, ó ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Ọparun máa ń ga tán láàárín oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó di bí ọdún mẹ́ta kó tó gbó. Èyí tó gbó ni kí a gé, kí a má sì gé e lásìkò tó ń yọ ọmọ. Kí a rì í sínú odò tó ń ṣàn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí omi fa adùn náà jáde. Lẹ́yìn náà, kí a gbé e ró níbòji kó gbẹ díẹ̀díẹ̀, torí oòrùn gangan máa ń là á.

Ó ku omi. Òpó tí a bá rì mọ́lẹ̀ yóò jẹrà, ikán yóò sì bá a níbẹ̀. Orí sìmẹ́ǹtì tó ga dé orúnkún ni kí òpó dúró, kí irin ti inú sìmẹ́ǹtì wọ inú rẹ̀, kí ìjì má baà gbé e. Kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kí òjò má máa na òpó. Ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn lásán, yóò là. Ẹ lu ihò ná, kí ẹ sì fi okùn dì í nítòsí oríkèé.

Àwa kọ́ ni àkọ́kọ́ o. Ní Pakistan, omíyalé wó ọ̀pọ̀ ilé ní 2010. Ní 2011, Yasmeen Lari, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ayàwòrán ilé lọ́hùn-ún, kọ́ ilé ìpàdé fún àwọn obìnrin abúlé kan ní Sindh. Orí òpó ọparun ló gbé e lé, kí omi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní 2023, wọ́n fi ẹ̀bùn wúrà dá a lọ́lá ní Ìlú Ọba.

Nítorí náà, kí a tó dìbò, ẹni tí ọparun tó gbó bá wà létí odò oko rẹ̀, kó wí fún wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ajé á wá o.