Gbẹ̀gìrì: Ìdí tí Yorùbá fi ń Bó Ẹ̀wà kí Wọ́n tó Sè é Lọ́bẹ̀

Gbẹ̀gìrì ni ọbẹ̀ tí Yorùbá ń fi ẹ̀wà bíbó sè, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n ti ṣí èèpo kúrò lára rẹ̀ kí ó tó dé orí iná, tí wọ́n sì sè títí ó fi yọ́ di ọbẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tó ń dán. Ọbẹ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni láti ìpìlẹ̀, kì í ṣe ti àwọn Àwórì tí wọ́n ni ìlú Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rìn láti abẹ́ afárá Sángo lọ sí Tóògéètì ní ìlú náà lónìí yóò rí i pé ó ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọdún 1976, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńláńlá wá ilẹ̀ sí agbègbè Ọ̀tà nítorí pé kò jìnnà sí Èkó àti èbúté rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì tẹ̀ lé wọn wá láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, oníkálukú pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlú rẹ̀. Ẹni tó jáde nínú iṣẹ́ òru àti ẹni tó fẹ́ wọ iṣẹ́ òwúrọ̀ máa ń pàdé nídìí ìkòkò ìyá alámàlà kan náà, gbẹ̀gìrì sì bá irú wọn mu dáadáa, nítorí pé ẹ̀wà ń gbé ènìyàn ró títí iṣẹ́ yóò fi parí, kò sì wọ́n tó ẹran.

Àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbé lókè òkun máa ń ní ìlànà ọbẹ̀ yìí lọ́wọ́ láìmọ ìdí tí ìlànà náà fi rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdí yẹn gan-an ló lè gbà wọ́n nígbà tí ohun èlò ilé kò bá sí nítòsí.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ọmọ tó dàgbà sí òkèèrè mọ̀ ni pé gbẹ̀gìrì kì í dá rìn. Àwọn ará Sweden ní ọbẹ̀ tiwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀wà aláwọ̀ ìyeyè sè, tí àṣà wọn sì jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ní Ọjọ́bọ̀, ṣíbí ni wọ́n sì fi ń mu ún, torí náà ó lè ki bí ó bá ṣe wù wọ́n. Ṣùgbọ́n òkèlè ni gbẹ̀gìrì ń bá lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ṣàn dé ibi tí yóò lè bo àmàlà láìdì mọ́ ọn. Àbùlà ni orúkọ tí wọ́n ń pe àpapọ̀ gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata nínú àwo kan ṣoṣo. Ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń se mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé iṣẹ́ wọn kò jọ ara wọn: gbẹ̀gìrì ló ń fún oúnjẹ ní ìwúwo, ewédú tó ń yọ̀ ló ń jẹ́ kí òkèlè lọ geere lọ́nà ọ̀fun, ọbẹ̀ ata ló sì ń gbé epo, ẹran àti ẹja wá. Ní Ọ̀tà, tí ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò jìnnà sí, àmàlà láfún, èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ rò, máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmàlà dúdú tí wọ́n fi èlùbọ́ iṣu rò. Èròjà tó ń mú ara dàgbà kò pọ̀ nínú ẹ̀gẹ́ àti iṣu, ó sì pọ̀ nínú ẹ̀wà, nítorí náà ohun tí ọ̀kan kò ní ni èkejì ń mú wá.

Ẹ̀wà bíbó ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Èèpo ẹ̀wà kì í yọ́, bó ti wù kí iná pẹ́ tó lábẹ́ ìkòkò, ńṣe ni yóò máa léfòó bí ìràwé, tí yóò máa há ènìyàn lọ́fun, tí yóò sì sọ ọbẹ̀ di aláwọ̀ ilẹ̀. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń bó ẹ̀wà fún àkàrà, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kuru, ìmọ̀ yìí sì ti rìn jìnnà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ: àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa lọ sí Bahia ní Brazil gbé e dání, àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì ń bó ẹ̀wà fún àkàrà lẹ́bàá títì títí di òní, ìjọba Brazil sì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin aláàkàrà wọ̀nyẹn sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2005.

Bí obìnrin tó mọ iṣẹ́ ṣe ń bó o yẹ ní wíwò dáadáa. Kò ní rẹ ẹ̀wà mọ́jú. Yóò kàn da omi sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí díẹ̀ lé, kí èèpo lè rin nígbà tí inú rẹ̀ ṣì le, yóò dà á sínú odó, yóò máa fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí èèpo yóò fi máa yọ̀ kúrò lára rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò bu omi púpọ̀ lé e, tí yóò fi ọwọ́ rà á, tí èèpo yóò sì léfòó kí ó lè dà á nù sórí asẹ́. Yóò tún un ṣe títí omi yóò fi mọ́. Abala méjì ni inú ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan ní, èèpo ló sì so wọ́n pọ̀, nítorí náà púpọ̀ nínú ẹ̀wà tó ti bó yóò là sí méjì fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń fi iṣẹ́ yìí sí nínú agbo ilé, torí pé kò sí iná níbẹ̀, àgbà sì lè jókòó tì í kí ó máa kọ́ ọ. Ó yẹ kí àwọn òbí tó wà lókè òkun dá a padà fún àwọn ọmọ wọn.

Ẹ̀wà Nàìjíríà kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn láti rí ní Yúróòpù mọ́. Ní ọdún 2015 ni European Union fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, torí pé dichlorvos, oògùn tí àwọn oníṣòwò fi ń pa kòkòrò ẹ̀wà, pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin wọn gbà lọ, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn. Síbẹ̀ ẹ̀wà ojú dúdú tí ilé ìtajà ibẹ̀ ń pè ní black-eyed beans, láti orílẹ̀-èdè mìíràn, kì í ṣe àjèjì rárá, ẹ̀wà kan náà ni pẹ̀lú ti ilé. Bí kò bá sí àyè láti bó o, ọ̀nà méjì ló kù. Ọ̀kan ni moong dal bíbó tí àwọn ará Íńdíà ń tà, tó jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́ fún ẹ̀wà wa. Èkejì ni split peas aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ti bó, tí wọ́n sì ti là sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀wà wa, ṣùgbọ́n ó ń yọ́ dáadáa, adùn rẹ̀ sì súnmọ́ ti ẹ̀wà olóyin, ẹ̀wà pupa tí Yorùbá fẹ́ràn jù fún gbẹ̀gìrì. Split peas tó ní àwọ̀ ewé kò dára fún un, nítorí pé yóò ba àwọ̀ ọbẹ̀ jẹ́.

Ife méjì split peas, tí wọ́n ti ṣà, tí wọ́n sì ti fọ̀, pẹ̀lú ife omi méje tàbí mẹ́jọ, tó fún ìdílé kan. Kí wọ́n má dé ìkòkò pa, nítorí pé ìfófòó rẹ̀ yóò hó dànù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé wọ́n ń da ata àti tòmátò sí i kí ó tó rọ̀. Omi kíkan inú tòmátò kì í jẹ́ kí ẹ̀wà tètè yọ́, ìdí sì nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń dúró títí ẹ̀wà yóò fi fọ́ tán kí ata tó wọ̀ ọ́. Omi ìlú Lọ́ńdọ̀nù tún ní ìṣòro tirẹ̀: ilẹ̀ ẹfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà kọjá, èròjà calcium inú rẹ̀ sì máa ń mú kí ẹ̀wà le. Kán-ún, òkúta bí iyọ̀ tí wọ́n ń gbé wá láti apá Òkè Ọya, ni Yorùbá ń fi ṣẹ́gun ẹ̀wà líle. Bicarbonate of soda, ìwọ̀n tí orí ìka méjì lè mú, lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, nítorí pé ó ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́, ó sì ń sọ adùn ọbẹ̀ di ti ọṣẹ.

Bí ó bá ti tó wákàtí kan lórí iná, ẹ̀wà yóò ti rọ̀ dé ibi tí ìjábẹ̀ lè fọ́ ọ. Ìjábẹ̀ ni ọ̀ṣùṣù ọwọ̀ kúkúrú tí wọ́n dì fún iṣẹ́ ọbẹ̀ nìkan, tí kò gbálẹ̀ rí. Àárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni wọ́n ti ń yí i nínú ìkòkò títí ọbẹ̀ yóò fi jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ata lílọ̀, irú, epo pupa, iyọ̀ àti edé tàbí ẹja gbígbẹ yóò wọ̀ ọ́, tí iná yóò sì mọ níwọ̀n fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, pẹ̀lú rírò lóòrèkóòrè, torí pé ìdí gbẹ̀gìrì máa ń tètè jóná. Kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣàn, nítorí pé bí ó bá ti tutù ni yóò máa dì.

Nínú ooru Ọ̀tà, gbẹ̀gìrì tí kò rí iná mọ́jú ti kan, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ìyá alámàlà fi ń se tuntun láràárọ̀. Ẹni tó ní fíríìsà lè sè púpọ̀ kó sì pín in sí ike, kí ó fi omi gbígbóná là á nígbà tó bá ń gbé e padà sórí iná. Ewédú ni kí ó máa sè ní tuntun lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, torí pé ewédú tí wọ́n bá gbé kaná léraléra kì í fà mọ́.