Omi Orí Àpáta Ìdànrè

Bí òjò ńlá bá dá lórí Ìdànrè, àwọn òkè ibẹ̀ kì í tètè gbẹ. Omi á ṣì máa ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ lára àpáta, nínú àwọn ojú ọ̀nà dúdú tó ti là fún ara rẹ̀ láti ayébáyé. Ẹni tó bá dúró ní Odòde, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, tó gbójú sókè á rí i bó ṣe ń dán. Gíga òkè ni ọ̀pọ̀ àlejò tó ń ti Àkúrẹ́ wá máa ń wò. Lójú tèmi, omi ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò, torí òun ló gbẹ́ òkè yìí, òun ló ń bọ́ ohun tó ń gbé lórí rẹ̀, òun náà ló sì jẹ́ kí èèyàn lè tẹ ìlú dó síbẹ̀.

Akọ òkúta ni Ìdànrè. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti dì, kí ẹnikẹ́ni tó dáyé. Òjò wá ń fọ ilẹ̀ rírọ̀ tó bò ó lọ díẹ̀díẹ̀, èyí tó le sì yọrí síta. Oòrùn ọ̀sán ń mú ara rẹ̀ gbóná, òru ń mú un tutù, ó ń bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà, ìdí nìyẹn tí orí àwọn òkè náà fi rí roboto. Àwọn mìíràn nínú wọn ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ìtẹ́jú òkun.

Orí òkúta yìí kò ṣófo. Ewéko kan wà tó ń hù lórí àpáta lásán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á gbẹ, ẹni tó bá rí i á ní ó ti kú. Kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kò ní pẹ́ tí á fi tutù yọ̀yọ̀. Igi kan tún wà tó ń wọ́wé dànù nínú ọ̀gbẹlẹ̀, tó sì ń tan òdòdó pupa sórí ẹ̀ka gbígbẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ni. Arne Schiøtz, onímọ̀ ẹranko ará Denmark, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1963, ó sì fi orúkọ Jean-Luc Perret, onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sọ ọ́. Orí àwọn òkè Ìdànrè nìkan ni a mọ̀ ọ́n sí ní gbogbo ayé. Ó tó nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn olùwádìí wa ní Nàìjíríà tó tún bá a pàdé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ mìíràn a máa wá kòtò omi tí á yé ẹyin sí. Ti èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ara àpáta tó ń ṣomi ni légbénlégbé rẹ̀ ń gbé, nínú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò lè bo ìka ọwọ́, wọ́n á lẹ̀ mọ́ òkúta gbágbá. Bí omi yẹn bá gbẹ kí wọ́n tó hu ẹsẹ̀, ó parí fún wọn nìyẹn. Ẹni tó bá fi ọṣẹ fọ nǹkan síbẹ̀, tàbí tó sọ ọ̀rá pure water dí ojú omi náà, ti ba ilé ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ náà jẹ́ láìmọ̀.

Àwọn èèyàn náà gbára lé omi yìí. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 là ń gùn lónìí kí a tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè, pẹ̀lú ibi ìsinmi lójú ọ̀nà. Àwọn baba ńlá kò ní irú rẹ̀; àpáta ni odi wọn nígbà ogun. Odi tí kò lómi kò lè gba ìlú là. Àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn láàárín òkè ló jẹ́ kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀, ìran dé ìran. Ààfin Ọwá, ọba ìlú náà, ṣì wà lókè, ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti ilé ìwé náà ṣì wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn sàréè. Wọ́n á fi ojú ẹsẹ̀ Agboogun, akọni inú ìtàn wọn, hàn ọ́ lórí òkúta, wọ́n ní ẹsẹ̀ ọmọdé àti àgbà ló ń bá a mu. Omi Àpáàrá, omi ààrá, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ààrá àwọn òkè yìí wọ inú ewì tí Wọlé Ṣóyínká fi orúkọ Ìdànrè pè, nínú ìwé tó jáde ní 1967.

Láàárín àwọn ọdún 1920 ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ogun ti tán, oko kòkó sì wà nísàlẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò kọ òkè sílẹ̀: àwọn ètùtù kan wà tí a kò lè ṣe níbòmíràn. Ọdún Orósùn, òrìṣà tí òkè ńlá kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ń lọ dòní.

Ní 2007, wọ́n kọ Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí UNESCO gbà sí ogún àgbáyé. Ààfin, ilé ẹjọ́, ojú ẹsẹ̀ Agboogun àti Omi Àpáàrá wà lára ohun tí wọ́n fi yangàn. Àwọn amọ̀nà tó ń mú àlejò gòkè mọ ìtàn wọ̀nyẹn lórí. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ti ọ̀pọ̀lọ́ yìí kún un, kí wọ́n sì máa sọ fún àlejò lásìkò òjò pé ibi tí àpáta bá ti ń ṣomi, kí wọ́n yà fún un.