Apache, nginx, IIS àti LiteSpeed: Èwo nínú wọn ló yẹ ìkànnì yín?

Ẹni tó bá gba Ọjà'ba wá sí Ìdí-Àrẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn lónìí yóò rí i pé òwò àdúgbò náà kò dúró sójú kan mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta aṣọ àti ẹni tó ń ta ẹ̀lùbọ́, ẹ ó bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ẹni tó ń tẹ ìwé, àti ẹni tó ń bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Aláṣọ ń fẹ́ kí àwọn tó wà l'Ékòó àti ní London rí ọjà òun. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ń fẹ́ kí àwọn òbí máa wo èsì ìdánwò ọmọ wọn láti ilé. Ìjọ àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ náà ń fẹ́ ìkànnì tiwọn. Wọn a pe ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà, wọn a bá a dúnàádúrà, wọn a sanwó, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí púpọ̀ nínú wọn kì í béèrè: irú web server wo ni ìkànnì náà yóò máa lò? Wọn kì í béèrè, nítorí pé ohun tí ojú kò rí ni. Síbẹ̀, ohun tí ojú kò rí yìí wà lára ohun tó ń pinnu bóyá ìkànnì yóò ṣí kíákíá tàbí yóò máa wọ́ bí ìgbín, bóyá yóò dúró lọ́jọ́ tí èrò bá ya lù ú, àti iye tí ẹni tó ni ín yóò máa san lóṣooṣù. Ọ̀rọ̀ owó yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí pé dọ́là ni púpọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà wọn háyà fi ń díye lé e. Kí ìjọba àpapọ̀ tó yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù kẹfà, ọdún 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá náírà 1,500. Ẹni tó ń san dọ́là 20 lóṣù, tí náírà rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 9,200 lọ tẹ́lẹ̀, bá ara rẹ̀ nídìí sísan ohun tó ju 30,000 lọ fún ohun kan náà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a mọ sọ́fútíwíà tí kì í jẹ kọ̀ǹpútà run.

Kí wá ni web server? Orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe ohun méjì, èyí sì máa ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Èkínní ni kọ̀ǹpútà tó wà ní títàn tọ̀sán-tòru, tí àwọn ojú-ewé àti àwòrán ìkànnì wà nínú rẹ̀. Èkejì ni sọ́fútíwíà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà náà, tó ń gba ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wo ìkànnì, tó sì ń fi ohun tí wọ́n béèrè ránṣẹ́ sí wọn. Èkejì yìí là ń wí.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé àmàlà ṣe àpèjúwe. Oníbàárà wọlé, ó ní òun fẹ́ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ẹwédú. Ẹni tó dá a lóhùn lè má jẹ́ ẹni tó ro àmàlà náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbọ́ ohun tí oníbàárà ń fẹ́, kó bá a gbà á wá láti ẹ̀yìn, kó sì gbé e síwájú rẹ̀. Bí ohun tí wọ́n béèrè kò bá sí, á sọ fún un pé kò sí. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa ń rí tí fóònù yín bá kọ 404 síta. Web server ni ẹni tó ń gbé oúnjẹ yìí, ọgbọ́n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dá láti fi dá àwọn oníbàárà lóhùn ló sì mú kí wọ́n yàtọ̀ síra.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe irú sọ́fútíwíà yìí ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà nítòsí Geneva. Ní òpin ọdún 1990 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà NeXT rẹ̀, ó sì kọ ìkìlọ̀ mọ́ ọn lára pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Ní ọdún 1993, Robert McCool kọ òmíràn ní NCSA, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn sì ń lò ó káàkiri. Nígbà tí McCool fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1994, iṣẹ́ náà dúró. Kálukú àwọn tó ń lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àlẹ̀mọ́ tirẹ̀ mọ́ ọn níbi tó ti ń jò. Ní ọdún 1995, àwọn kan nínú wọn, tí Brian Behlendorf wà lára wọn, kó gbogbo àtúnṣe náà jọ, wọ́n sì gbé Apache jáde ní oṣù kẹrin ọdún náà. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, òun ló ṣíwájú nínú ìkànìyàn tí iléeṣẹ́ Netcraft ń ṣe nípa àwọn ìkànnì.

Ọ̀fẹ́ ni Apache, ẹnikẹ́ni ló sì lè yẹ inú rẹ̀ wò kó tún un ṣe. Ohun kejì tó gbé e lékè ni pé a lè fi ẹ̀yà kún un, a sì lè yọ ẹ̀yà kúrò lára rẹ̀ bó bá ṣe wù wá. Ohun kẹta ni fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní .htaccess. Nínú ètò tí ọgọ́rùn-ún oníbàárà ti ń pín kọ̀ǹpútà kan lò, fáìlì yìí ń jẹ́ kí oníkálukú ṣe òfin fún ìkànnì tirẹ̀, bí ayálégbé tó lè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ láìyọ onílé lẹ́nu. Ìdí rèé tí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà háyà fi fẹ́ràn rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kò ṣàìsí. Nínú ètò rẹ̀ àtijọ́, oníbàárà kan, òṣìṣẹ́ kan ni. Bí oníbàárà bá jókòó tí kò tètè jẹun tán, òṣìṣẹ́ náà yóò dúró tì í. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù bá ti ń fà: ọ̀pọ̀ èèyàn yóò di òṣìṣẹ́ mú fún ìgbà pípẹ́, mẹ́mórì kọ̀ǹpútà yóò sì tán. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 2.4 ti jáde lọ́dún 2012 ni ètò tuntun ti wà nínú rẹ̀ tó dín ìyà yìí kù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìkànnì ni ẹni tó ṣètò wọn kò yí kúrò nínú ti àtijọ́. Bákan náà, .htaccess tí a yìn lẹ́ẹ̀kan ń jẹ àkókò, nítorí pé Apache ní láti wá a wò nínú gbogbo àpò fáìlì tó bá gbà kọjá, nígbàkígbà tí ìbéèrè bá dé.

Nginx, tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńjìn-ẹ́kìsì, ni wọ́n ṣe láti fi yanjú ìṣòro èrò púpọ̀. Igor Sysoev, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2002, ó sì gbé e jáde fún gbogbo ayé lọ́dún 2004. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni bí kọ̀ǹpútà kan ṣe lè dá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n tí nginx dá ni pé òṣìṣẹ́ díẹ̀ ló ní, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń dúró ti oníbàárà kan ṣoṣo nínú wọn. Òṣìṣẹ́ á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ti ọ̀tún, á dá ti òsì lóhùn, á gbé àwo fún ti àárín, kò ní dúró lásán. Nítorí èyí, mẹ́mórì tó ń lò kéré, ó sì dára gan-an fún àwòrán àti ojú-ewé tí kì í yí padà. Ní ọdún 2019 ló bọ́ síwájú Apache nínú ìkànìyàn Netcraft. Ọdún yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ F5 ti Amẹ́ríkà ra iléeṣẹ́ tó ni ín ní mílíọ̀nù 670 dọ́là, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ ṣì wà.

Àléébù ti nginx ni pé kò mọ .htaccess rárá. Ibì kan ṣoṣo ni gbogbo òfin wà, ẹni tó sì ni àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà náà ló lè tọ́ ọ. Kì í sì í fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ ètò PHP, èyí tí wọ́n fi kọ WordPress. Ó ní láti gbé e fún ètò mìíràn. Nítorí náà ni àwọn kan fi máa ń fi nginx síwájú kó máa gba àlejò, tí Apache á wà lẹ́yìn kó máa ṣe iṣẹ́ tó le. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

IIS ni ti iléeṣẹ́ Microsoft, tó jáde lọ́dún 1995. Inú Windows ló ń gbé, ẹni tó bá sì fẹ́ lò ó fún iṣẹ́ gidi gbọ́dọ̀ ra Windows Server. Ó rọrùn fún ẹni tí kò fẹ́ máa tẹ àṣẹ gígùn, nítorí pé ojú fèrèsé àti bọ́tìnì ló fi ń ṣètò. Iléeṣẹ́ ńlá tó ti ń lo ètò Microsoft fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, tàbí tí wọ́n fi ASP.NET kọ ètò rẹ̀, yóò rí i pé ó bá òun mu. Ṣùgbọ́n fún oníṣòwò kékeré, owó ìwé àṣẹ náà yóò wọ̀ ọ́ lọ́rùn láìnídìí.

Ìtàn kan wà nípa IIS tó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀. Ní oṣù keje, ọdún 2001, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n sọ ní Code Red gba ojú ihò kan wọ inú rẹ̀. Láàárín wákàtí mẹ́rìnlá, lọ́jọ́ 19 oṣù náà, ó ran kọ̀ǹpútà tó lé ní 359,000. Ohun tó dunni jù níbẹ̀ ni pé Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú. Àwọn tó ni kọ̀ǹpútà ni kò fi í síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ti Microsoft nìkan ni: ní oṣù kẹwàá, ọdún 2021, wọ́n rí ihò nínú ẹ̀dà Apache 2.4.49 tó ń jẹ́ kí olè ka fáìlì tí kò yẹ kó rí. Àtúnṣe àkọ́kọ́ kò dí i tán, àfi ìgbà tí ẹ̀dà 2.4.51 jáde.

Méjì mìíràn kù. LiteSpeed, tó jáde lọ́dún 2003, ń ṣiṣẹ́ bíi ti nginx ní ti àìjẹ mẹ́mórì, síbẹ̀ ó mọ .htaccess bíi ti Apache. Ó tún ní ètò tó ń tọ́jú ojú-ewé WordPress sílẹ̀ kó má baà máa ro ó lákọ̀tun fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Títà ni wọ́n ń ta á, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ọ̀fẹ́ wà tó ń jẹ́ OpenLiteSpeed. Caddy ni èkejì, Matt Holt ló gbé e jáde lọ́dún 2015. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ gba ìwé ẹ̀rí ààbò fún ìkànnì, tó sì ń tún un gbà kó tó di pé ọjọ́ rẹ̀ pé. Ìwé ẹ̀rí yìí ló ń jẹ́ kí ẹ rí àmì HTTPS. Ibi tí kò bá ti sí, ẹni tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà lè ka ọ̀rọ̀ ìwọlé oníbàárà.

Èwo wá ni ká mú? Ọ̀nà kan kò wọjà. Aláṣọ tí kò ní òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó fẹ́ lo WordPress, kó wá ẹni tó ń fi ààyè háyà lórí LiteSpeed tàbí Apache, nítorí yóò lè ṣe ìwọ̀nba àtúnṣe fúnra rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo òbí máa ń ya lù ní ọjọ́ kan náà tí èsì bá jáde yóò jàǹfààní nginx, pàápàá bí kọ̀ǹpútà tó háyà kò bá tóbi. Iléeṣẹ́ tó ti wà nínú agbo Microsoft lè dúró ti IIS. Ẹni tó ní ìkànnì kékeré tó sì mọ̀ pé òun máa ń gbàgbé nǹkan, Caddy lè gbà á lọ́wọ́ ìgbàgbé.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí kò sí web server tó lè ṣe é. Bí oúnjẹ kò bá tíì jinná lẹ́yìn, kò sí bí agbáwo ṣe lè yára tó. Ètò tí wọn kò kọ dáadáa yóò falẹ̀ lórí nginx bó ṣe falẹ̀ lórí Apache. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire, ìdààmú bá íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè míì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò sí sọ́fútíwíà kankan nínú èyí tí a dárúkọ tó lè fi ọwọ́ dí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ ìkànnì fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í ní ohun márùn-ún kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: web server wo lo fẹ́ lò, kí sì ni ìdí? Èèyàn mélòó ló lè dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà lórí kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ háyà? Ta ni yóò máa fi àtúnṣe síbẹ̀ tó bá jáde? Ibo ni ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ wa yóò wà bí kọ̀ǹpútà náà bá bàjẹ́? Orúkọ ta ni wọn yóò fi ra orúkọ ìkànnì náà, tèmi ni tàbí tìrẹ? Bí ó bá dáhùn tó yé yín, ẹ bá a ṣe é. Bí ó bá ń fi èdè kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú sí yín, ẹ gbé owó yín padà sápò, ẹ wá ẹlòmíì lọ.